Jíà Tó Jóná ní Onípanu

Ọmọ mi ló pè mí, kì í ṣe bàbá mi. Fóònù bàbá mi ló fi pè, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́. "Mọ́mì, ọkọ̀ ò lọ mọ́ o. Bàbá ń bínú." Mo bi í pé ibo ni wọ́n wà, ó ní Onípanu. Iléèwé ni bàbá mi ń gbé e lọ, bí wọ́n ti máa ń ṣe láràárọ̀. Ìwé ni mò ń dì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣómólú, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ náà gan-an. Mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá.

Ní Èkó, bí ọkọ̀ bá ti dúró lójú títì, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló di mẹkáníìkì. Kí n tó débẹ̀, ẹnìkan ti ní epo ló tán, òmíràn ti ní páǹpù ni. Ọkùnrin kan tó ń ta ṣájà fóònù ti orí bọ fèrèsé, ó ní kí bàbá mi pa á, kí wọ́n tún un tàn. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn. Ẹ́ńjìnì ń dún geere, kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n fa jíà sí ti iwájú, wọ́n tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnì han gooro, ọkọ̀ sì dúró gbọnin. Wọ́n fà á sí rìfáásì, bákan náà ni. Ọmọ mi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí ẹsẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo lè mú kó rìn.

"Wọ́n ti ta epo burúkú fún mi," ni bàbá mi wí. Wọn kò wo ojú mi. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Wọ́n ní kí n má kí àwọn ní pẹ̀lẹ́, kí n lọ kí ẹni tó ta epo ní pẹ̀lẹ́.

Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tí kì í mutí, tí kì í sì í pariwo. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n ń kó pépà láti Àpápá wá fún àwọn atẹ̀wé Ṣómólú. Nígbà tí màmá mi kú, tí ilé ń sú wọn, àwa ọmọ dáwó jọ, a ra ọkọ̀ kékeré yìí fún wọn. Kì í ṣe tuntun nígbà tí a rà á, ọjọ́ sì ti gorí ọjọ́ lára rẹ̀ báyìí. Ọkọ̀ yìí ló gbé bàbá mi ró lẹ́yìn ikú màmá mi. Wọ́n á fọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọ́n á gbé ọmọ mi lọ síléèwé, wọ́n á gbé àwọn ìyá àgbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹni tí wọ́n bá gbé á sì máa ṣàdúrà fún wọn. Bí a bá gba ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ wọn, àga àti tẹlifíṣọ̀n ló kù. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń bá wa ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n ń kọrin bí ẹni ń gbé òkú.

Mo fi kẹ̀kẹ́ gbé ọmọ dé iléèwé, mo padà wá. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ti dé. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ tó fi ní, "Jíà ti kú. Ẹ lọ ra tòkunbọ̀." Inú bí mi. Mo bi í pé ta ló pa á. Ó ní, "Màdáàmù, ọkọ̀ àgbà ni." Mo ní bàbá mi náà àgbà ni, ṣé kí a lọ ra tòkunbọ̀ wọn? Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó kúrò nídìí ọkọ̀ náà, a sì fi ọkọ̀ mìíràn fà á lọ sí Bàrígà, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí iṣẹ́ jíà nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ọgbà oníjíà yìí kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Ọmọ Ìlàjẹ ni, apẹja ni àwọn òbí rẹ̀, èéfín ẹja tí àwọn obìnrin ń yan lẹ́yìn ọgbà náà sì ti wọ inú gbogbo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Àgbà mi ni, ṣùgbọ́n kò tó bàbá mi. Ó gbé àga fún wọn lábẹ́ ìbòòji, ó ní kí wọ́n sinmi. Bàbá mi jókòó, wọ́n dojú kọ ọkọ̀ wọn bí ẹni tí wọ́n gbé ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá dókítà, tí wọn kò jẹ́ kí òun wọlé.

Oníjíà kò sọ pé ohunkóhun ti kú. Ìbéèrè ló ń bi mí. Ṣé ọkọ̀ náà ti ń fà sẹ́yìn tẹ́lẹ̀? Ṣé ó máa ń gbọ̀n bó bá ń pààrọ̀ jíà? Ṣé epo máa ń kán sílẹ̀ níbi tó bá sùn? Mo ní n kò mọ̀, n kì í wà á. Ó fa gọ́ọ̀jì epo jíà yọ, ó nù ún sára tíṣù funfun, ó nà án sí mi. "Kí lẹ rí?" Mo ní dúdú. Ó ní, "Pupa bí sobo ló yẹ kó rí. Ẹ gbóòórùn ẹ̀." Mo gbóòórùn rẹ̀. Bí ẹ̀wà tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò ló rí.

"Epo pé, kò jò," ó wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ báyìí. "Rédíétọ̀ dáa, mo ti wò ó. Àmọ́ epo ti jóná. Nǹkan kan ló ń jó o. Tí mo bá tún jíà ṣe tí mi ò mọ nǹkan tó ń jó o, ẹ ó tún gbé e padà wá bá mi ni."

Ó tú táyà iwájú. Páàdì bíréèkì ti jẹ tán pátápátá, irin tí páàdì ń dì mú sì ti di aláwọ̀ búlúù bí ìdí ìkòkò irin tí iná ti pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kò ṣeé ṣe, kò tíì pẹ́ tí a pààrọ̀ páàdì náà, èmi gan-an ni mo rà á. Ó wo páàdì, ó wo gọ́ọ̀jì, ó sì wo apá ibi tí bàbá mi jókòó sí.

"Ta ló ń wa ọkọ̀ yìí?"

"Bàbá mi ni."

"Àwọn nìkan?"

"Àwọn nìkan."

"Ṣé ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń wà tẹ́lẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ akẹ́rù. Ó mi orí. "Màdáàmù, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

Inú tún bí mi. Mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, n kò sì fẹ́ kó débẹ̀. Ọkọ̀ ni mo gbé wá fún un kó yẹ̀ wò, kì í ṣe bàbá mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò bínú. Ó ní òun á sọ jíà kalẹ̀, òun á tún inú rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kí a má tíì gbé e lọ lọ́jọ́ tó bá parí. Kí bàbá kọ́kọ́ wà á kí òun rí i.

Láàárín ọjọ́ tí ọkọ̀ fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkàn mi ń gbé nǹkan tí n kò rán an wá. Mo rántí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ìkòríta àdúgbò wa, tó sọ fún mi nígbà kan pé iná ẹ̀yìn ọkọ̀ bàbá mi kì í kú, pé pupa ló máa ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin. Mo rò pé wáyà ló ṣe é. Mo pe ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ó pààrọ̀ nǹkan kan lábẹ́ bíréèkì, ó ní ó ti parí. Obìnrin náà tún sọ ọ́ lẹ́yìn náà, mo ní kó jọ̀ọ́, kó máa ta búrẹ́dì rẹ̀.

Mo tún rántí ìgbà tí a kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Tọ́tù àti bíréèkì péré ló wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ méjèèjì, ẹsẹ̀ òsì kò níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì bàbá mi ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dẹwọ́ eré ni ẹsẹ̀ òsì yẹn máa ń fò sókè, tí á bọ́ sórí bíréèkì, tí àwa tí a jókòó sínú ọkọ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbá gíláàsì. A rẹ́rìn-ín títí. Bàbá mi ló wá ọgbọ́n dá sí i: wọ́n máa ń bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, wọ́n á sì ká ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn sábẹ́ àga. "Ó ti lọ sùn," wọ́n á ní. Ó sì sùn lóòótọ́ fún ọdún púpọ̀, débi pé gbogbo wa gbàgbé rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí jíà parí, oníjíà gbé wa lọ sí ilẹ̀ gbalasa kan létí ọ̀sà. Inú bàbá mi dùn. Wọ́n ti wọ aṣọ tó dáa, wọ́n sì fi ọwọ́ nu orí dásíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó padà rí ọmọ rẹ̀. Oníjíà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èmi wà lẹ́yìn, níbi tí ọmọ mi máa ń jókòó sí. Ọkọ̀ gbéra láìgbọ̀n, bí epo ṣe ń dà. Bàbá mi yí po ibẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún yín. Epo ni." Mo wo ẹsẹ̀ òsì wọn láti àárín àga méjèèjì. Ó ká sẹ́yìn sábẹ́ àga. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi, mo sì ń múra ohun tí n óò sọ sí oníjíà sílẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń da iyanrìn sí ga díẹ̀. Bí a ṣe débẹ̀ ni ẹsẹ̀ òsì jáde. Kò yára. Ó jáde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó gorí bíréèkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò sì kúrò lórí tọ́tù. Ọwọ́ bàbá mi lọ sí ara jíà, ó ń mì ín síwá sẹ́yìn, ó ń wá jíà kejì tí kò sí níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń ké, gbogbo ọkọ̀ ń gbọ̀n, òórùn ẹ̀wà tó jóná yẹn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Bàbá mi kò gbọ́ ọ. Wọ́n yí ojú díẹ̀ sẹ́yìn, síbi tí mo wà, wọ́n sì pariwo mọ́ mi:

"Wẹ́ẹ̀jì! Fi wẹ́ẹ̀jì sí i! Àbí o ti sùn?"

Igi tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù máa ń sáré fi há ẹ̀yìn táyà, kí ọkọ̀ tó kún fún ẹrù má baà yí padà sẹ́yìn lórí òkè, ni wọ́n ń pè ní wẹ́ẹ̀jì. Ó ti pẹ́ tí ẹni tó ń bá bàbá mi gbé wẹ́ẹ̀jì ti kú. Mo ti dàgbà nígbà tí wọ́n ṣe òkú rẹ̀, àwa la gbé bàbá mi lọ síbẹ̀.

Oníjíà kò pariwo. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè." Bàbá mi gbé e. Oníjíà na ọwọ́ kọjá níwájú wọn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì kú. Bàbá mi wo pápá náà, wọ́n wo omi, wọ́n sì béèrè pé kí la wá ṣe níbí.

Nígbà tí wọ́n lọ tọ̀, oníjíà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Jíà yìí ò ní àìsàn. Jíà ń gbìyànjú láti lọ, bíréèkì dì í mú, epo wá ń jó láàárín wọn. Ohun tó ṣe é ò ju ìyẹn lọ. Ẹ dúpẹ́ pé jíà ló kọ́kọ́ kú. Páàdì yẹn ti tán, Màdáàmù. Ká ní jíà yẹn le díẹ̀ sí i ni, tí páàdì bá jẹ́ kó lọ, ẹsẹ̀ wọn ti wà lórí tọ́tù tẹ́lẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ bá máa dé ló kù." Ó wo àga ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ta ló máa ń jókòó sẹ́yìn?"

Mo ní ọmọ mi ni. Mo jókòó sórí iyanrìn. Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mo máa ń juwọ́ sí wọn.

Mo pe àwọn àbúrò mi lórí fóònù. Ọ̀kan ní kí n pe pásítọ̀, kí wọ́n bá bàbá sọ̀rọ̀, nítorí ọmọ kì í gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Èkejì ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́, kí n ní ó sọnù. Tàbí kí n ní a kò rí jíà rà. Mo ní kí àwọn méjèèjì wá gbé nílé kí wọ́n wá pa irọ́ náà fúnra wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó wa ọkọ̀ láti Àpápá dé Ṣómólú títí irun orí rẹ̀ fi funfun kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ fún bí ọmọdé.

Nítorí náà, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ ti dáa. Àmọ́ ẹ ò lè wà á mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, sà." Mo sọ nípa ẹsẹ̀ òsì, mo sọ nípa bíréèkì, mo sọ nípa ọmọ mi. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n gbọ́ mi títí mo fi parí, wọn kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Lẹ́yìn náà wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n gbé e sórí tábìlì.

"Ta ni mo gbá?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní wọn kò gbá ẹnikẹ́ni.

"Má parọ́ fún mi. Ọmọdé ni àbí àgbà?"

Mo búra fún wọn. Mo fi Bíbélì tó wà lórí tábìlì búra. Ó jọ pé wọ́n gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí wọ́n jẹun, wọ́n sì sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wá kọ́kọ́rọ́ títí, wọn kò rí i, mo tún kúnlẹ̀, mo tún sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún béèrè ẹni tí àwọn gbá. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ bíréèkì, kò sí èyí tó dúró lọ́kàn wọn di ọjọ́ kejì. Ohun kan ṣoṣo ló dúró níbẹ̀: pé wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àwọn. Láàárín àwọn awakọ̀ akẹ́rù ìgbà tiwọn, bí awakọ̀ bá gbá ènìyàn pa nìkan ni wọ́n máa ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi kò lè rí ìdí mìíràn.

Mo ti gbìyànjú gbogbo rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ látorí "ẹ ò pa ẹnikẹ́ni." Pásítọ̀ wá, wọ́n gbàdúrà pẹ̀lú wọn, bàbá mi sì bẹ pásítọ̀ pé kí wọ́n bá àwọn lọ rí àwọn òbí ọmọ náà. Nítorí ẹni tí wọ́n ní àwọn gbá ti di ọmọ báyìí, n kò mọ ìgbà tó di bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń sunkún rẹ̀ lóòótọ́. Bí n bá sọ òótọ́, wọ́n á rò pé mò ń ṣàánú wọn ni. Nígbà mìíràn, ìbínú á gbé mi, màá pariwo mọ́ wọn pé kò sí ọmọ kankan, kò sí òkú kankan. Lẹ́yìn náà màá lọ jókòó sínú ọkọ̀ níta, màá sunkún níbẹ̀.

Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo ń wá bàtà mi, ọmọ mi ti múra tán nínú yúnífọ́ọ̀mù, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi. Wọ́n fi ọwọ́ lé e lórí bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n wo yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì rọra bi í, kí èmi má baà gbọ́:

"Ọmọ tí mo gbá yẹn, ṣé kíláàsì kan náà ni ẹ jọ wà?"

Ọmọ mi wò mí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì jáde lọ síbi tí ọkọ̀ wà.